Kéèkì Tí Ìyá Gbádé Dá Yan

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Bàbá Olúgbodi ní Ìgbájọ fún yín. Mobọ́láńlé, ìyàwó àkọ́bí Bàbá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Gbádé, mọ oúnjẹ sè gan-an. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn ìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò gbà pé ẹlòmíràn náà mọ nǹkan kan. Bí o bá fọwọ́ kan ọbẹ̀ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ.

Kì í ṣe pé wọ́n bí ìwà yìí mọ́ ọn. Lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kan tó ṣàn bí omi, àwọn obìnrin ilé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní rí ohun sọ sí ìkòkò òun mọ́. Ó kọ́ oúnjẹ sísè dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìtìjú ọjọ́ yẹn kò kúrò lára rẹ̀, ńṣe ló di ìgbéraga.

Nígbà tí Bàbá pé ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ ní kí àwọn dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn sì jẹun nílé lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Gbádé ní òun nìkan ni yóò se gbogbo rẹ̀: ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, ẹran díndín, àti kéèkì ńlá kan tí wọn yóò gbé síwájú Bàbá. Ìkòkò ńlá tí wọ́n da iyanrìn sí nídìí ló fi ń yan kéèkì. Yóò gbé abọ́ kéèkì sórí iyanrìn náà, yóò dé e, yóò sì kó ẹyin iná sórí ọmọrí kí òkè rẹ̀ lè jinná bí ìsàlẹ̀. Irú kéèkì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Tẹ́jú, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, wá bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Gbádé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣọ́ kéèkì yẹn. Ó jọ pé iná orí rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Tẹ́jú, ṣé o ti yan kéèkì rí?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n mo lè máa wò ó, kí n máa pè yín."

"Bí o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, lọ jókòó. Iṣẹ́ tí mo bá gbé fún ènìyàn, èmi náà ni n ó padà tún un ṣe."

Tẹ́jú dáhùn pé, "Ó dáa, mà." Ó lọ bá àwọn obìnrin ilé tó kù lábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo wọn ló gbọ́. Àwọn tó ti ń múra láti bá a fọ ewé mọ́ínmọ́ín náà kò dìde mọ́.

Ìyá Gbádé dojú kọ iṣẹ́. Bó ti ń po ẹ̀wà ló ń sáré lọ wo ìrẹsì, bó ti ń ro ìrẹsì ni ẹran ń pè é nínú epo. Kò rántí kéèkì mọ́ títí òórùn kan fi gba imú rẹ̀. Ó sáré ṣí ìkòkò. Òkè kéèkì ti dúdú bí èédú. Nígbà tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, àárín rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Mọ́ínmọ́ín kò tíì dé orí iná, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbọ́ orin ìdúpẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì tí kò jìnnà sílé.

Ó rò ó pé kí òun sọ pé igi ìdáná ló tutù. Ó rò ó pé kí òun bo ìkòkò náà, kí òun dákẹ́. Níkẹyìn, ó nu ojú, ó rìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Tẹ́jú, kéèkì ti jóná. O sọ fún mi, n kò gbọ́." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é. Apá mi ò ká a mọ́."

Ó ń retí ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí ewé àti ẹ̀wà. Tẹ́jú nìkan ló dúró.

"Ìyẹ̀fun ṣì kù. Mo lè fi dín bọ́ǹsì bíi pọ́fùpọ́fù, kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n, Ìyá Gbádé, bí mo bá ń pò ó, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

"N kò ní gbà á."

Kò rọrùn fún un. Nígbà tó rí i bí Tẹ́jú ṣe ń da mílíìkì sí ìyẹ̀fun, ọwọ́ ń yún un. Ó fi ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, ìrẹsì àti ẹran ti wà nílẹ̀. Mọ́ínmọ́ín pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé. Wọ́n to bọ́ǹsì sórí àwo ńlá, wọ́n gbé e síwájú Bàbá. Ó jẹ ọ̀kan, ó mú òmíràn, ó béèrè ẹni tó dín in. Gbogbo ojú wà lára Ìyá Gbádé.

Ó ní, "Tẹ́jú ni, Bàbá. Kéèkì tèmi jóná."

Bàbá súre fún àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, bí ìnáwó bá dé nílé Olúgbodi, Ìyá Gbádé ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn obìnrin ilé, kò sì gba ìgbakọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé, bí ẹ bá mọ iṣẹ́ kan ṣe, ẹ má torí rẹ̀ ti àwọn ẹlòmíràn sẹ́yìn, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí iṣẹ́ náà yóò ju agbára ẹnì kan lọ. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́ nígbà tí oúnjẹ tó kù kò tíì jóná.