Bàtà Ẹnu Táńkì

Afọtáńkì ń ha ìdọ̀tí tó ń yọ̀ bí ilá kúrò lára asẹ́ inú táńkì omi ẹ̀gbin ilé ìpọntí nígbà tí ìdérí irin pa dé mọ́ ọn lórí. Ó kígbe, àmọ́ inú ìbòmú ni igbe náà há sí.

Ó gbọ́ ohùn Taek-su, ọ̀gá wọn, lókè. “Ṣé ẹ̀gbọ́n ti jáde?”

“Wọ́n ti jáde, ọ̀gá. Bàtà wọn ò sí lẹ́nu táńkì mọ́,” ni ọmọṣẹ́ kan dáhùn.

Ibẹ̀ ni afọtáńkì kúkú bọ́ ọ sí, bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe kí wọ́n tó wọ inú táńkì.

Omi tí wọ́n ṣí lókè ya wọlé. Ó ti dé orúnkún rẹ̀ nígbà tí Taek-su tún sọ̀rọ̀.

“Ìyá agbálẹ̀, bàtà ta lẹ gbé dání yẹn?”

“Òjò ló fẹ́ pa á, mo bá gbé e sídìí iná. Ó ti gbẹ, mo ń dá a padà kí ẹni tó ni ín tó jáde.”

Ni ẹsẹ̀ bá ń dún gìrìgìrì bọ̀ sórí ìdérí.