Tata Abẹ́ Dùùrù

Bírísónì ló ń gbẹ́ irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó fàdákà ìlú Olíńtọ́sì: orí òrìṣà Àpólò lójú kan, dùùrù lójú kejì. Melító ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé tata bíńtín kan máa ń ba sábẹ́ dùùrù náà. Tata ni Bírísónì ń pe Melító, torí kì í jókòó sójú kan.

"Gbogbo ẹni tó bá ná an, ìwọ ló gbé lọ́wọ́ tí kò mọ̀," ó máa ń wí.

Kó tó di pé ogun dé ni fàdákà ìlú ti tán, tí iná ilé ìtẹwó ti kú. Síbẹ̀ Bírísónì ń gbẹ́ irin nílé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó sì ń lọ sápá òkè, níhà Masidóníà, lemọ́lemọ́, ó ní òun ń ra irin.

"Ta lò ń gbẹ́ ẹ fún?"

"Ọ̀la ò ní ṣàì nílò owó, Tata."

Nígbà tí ọba Masidóníà dó tì wọ́n, ebi mú wọn gan-an. Bírísónì ní òun á yọ́ jáde lọ bẹ àwọn ará Áténì kí wọ́n wá gbà wọ́n.

"Tí o bá gbọ́ tí mo súfèé lẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré ara odi ìlú, sáré ṣí i. Bàbá ò ní kọ̀ fún ẹ."

Bàbá Melító ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bolẹ̀, súfèé náà dún.

"Bàbá, ọkọ mi ti dé! Ẹ bá mi ṣí i!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fa ọ̀pá ìdábùú. Àwọn ọmọ ogun ọba ló ya wọlé, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ gún.

Wọ́n wó Olíńtọ́sì palẹ̀, ìlú tí àwọn ìlú etíkun ń wárí fún tẹ́lẹ̀. Wọ́n so àwọn tó kù pọ̀ láti tà. Fílínà, ìyá àgbà aládùúgbò wọn, tutọ́ síwájú Melító.

"Olóríburúkú! Ọkọ rẹ ló tà wá!"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Wọ́n á ti dá a lóró kó tó súfèé yẹn. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti pa á." Ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ.

Oníṣòwò ẹrú kan tọ́ka sí i, ó sì da fàdákà ọba sórí pákó níwájú rẹ̀.

Owó àtijọ́ ni, ọwọ́ ọmọ aráyé ti ná an títí etí rẹ̀ fi jẹ, ṣùgbọ́n lábẹ́ ikùn ẹṣin ọba tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, tata bíńtín kan ba síbẹ̀.