Orúkọ Jabez

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ tuntun tí wọ́n bí sí ilé ọkọ Mehitable ní Jabez, ẹ̀rù sì ń bà á débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ní ìdílé Hallet, wọn kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ. Láti ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pàṣẹ ní erékùṣù Nantucket wọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń tukọ̀, tí òkun sì ń gbé wọn lọ. Bí òkun bá ti gbé ẹnì kan, ọmọ tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e ló ń gba orúkọ rẹ̀. Jabez, ọkọ Mehitable, ti wọkọ̀ lọ láti èṣín. Ìjì jà. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń léfòó lásán, wọn ò rí òun. Lydia, ìyá rẹ̀, ti gbà pé ó kú, àmọ́ Mehitable ò gbà. Lójú tirẹ̀, bí pásítọ̀ bá ti da omi sórí ọmọ yẹn pẹ̀lú orúkọ yẹn, wọ́n ti sin Jabez nìyẹn, ibi yòówù kó wà.

Ó sáré lọ bá Àǹtí Keziah, àbúrò bàbá Jabez, ẹni tó ń tọpasẹ̀ ìran àwọn atukọ̀ àtijọ́. Bó bá sọ̀rọ̀ lórí orúkọ nínú ìdílé yẹn, abẹ gé e.

"Àǹtí, ẹ bá mi bẹ Màmá. Kí wọ́n wá orúkọ mìíràn. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Jókòó ná. Wò ó bó o ṣe gbẹ bíi panla. O ti jẹun?"

"Kò wọlé, mà."

"Ó dáa, gbọ́ ti Kápítéènì Obadiah, ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wa. O ṣáà mọ òkúta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún un ní itẹ́ òkú, tí kò sí òkú lábẹ́ ẹ̀? Òkun ló gbé e, àbí? Irọ́! Faial ló wà, erékùṣù kan lọ́dọ̀ àwọn Potogí. Ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó bímọ rẹpẹtẹ."

Mehitable sún mọ́ ọn. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Deborah ni ìyàwó tó fi sílẹ̀ níbí. Deborah náà ló sọ àkọ́bí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkùnrin yìí ò kúkú gbàgbé àṣà ilé! Ó pa irọ́ fún wọn pé ìyàwó òun ti kú. Deborah sì wà níbí tó ń jẹ ẹja, tó gbó kùjọ́kùjọ́." Keziah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Jabez ni mo kọ́kọ́ rán, nígbà tó máa ń gbé ọkọ̀ gba ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá wọn, ó ní kò sí ẹbí wa kankan níbẹ̀. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan wá! Orí fóònù lásán ni mo ti rí wọn."

Mehitable náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Bí Obadiah bá yè, Jabez náà lè yè. Ó gbàdúrà sókè ketekete pé, "Olúwa, kó ṣáà ti wà láàyè. N ò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́."

"Màá bá Lydia sọ̀rọ̀," ni Keziah wí. "Wọn ò ní sọ ọ́ ní Jabez."

Ẹ̀rù náà fi í sílẹ̀. Keziah bu ọbẹ̀ ẹja fún un, ó sì ń jẹ ẹ́ nígbà tí fóònù dún. Filomena ni, ọmọ ìran Obadiah ní Faial. Ó ti gbé Amẹ́ríkà rí, nítorí náà wọ́n gbọ́ ara wọn. Etí Keziah ti ń wúwo, ó yí ohùn fóònù sókè, gbogbo yàrá sì ń gbọ́.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú pé n ò pè lánàá! À ń ṣe ìsàmì. Àbúrò mi bí obìnrin làǹtìlanti."

"Ẹ kú oríire! Kí lorúkọ?"

"Háà, orúkọ yẹn ń lọ́ wa láhọ́n! Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá. Àlejò ni, atukọ̀, kì í sọ ti ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní orúkọ ìyàwó òun tó ti kú ni."

Filomena wá rọra ń pè é bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé: "Me-hi-ta-ble."