Ilé Oníyàrá Mẹ́ta tí Ẹga Ń Hun

Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà sórí ọ̀pẹ, ó bà lé Ẹga aláriwo. Ẹga ń hun ilé oníyàrá mẹ́ta fún Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, nítorí pé Ológosẹ́ aládùúgbò wọn ní yàrá méjì. Yàrá kan péré ló tíì parí tí òjò fi ṣú, Àwẹ̀ró sì ti fẹ́ yé ẹyin.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká fi mọ níbẹ̀."

"Ká fi mọ níbẹ̀ kẹ̀? Kí Ológosẹ́ lè fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ló bá ń hun imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń kọrin, Ológosẹ́ àti àwọn ẹyẹ yòókù ń gbè é:

Ṣé kí n dín in kù ni?
— Hunlé!
Òjò ṣú, ṣé kí n dúró?
— Hunlé!
Àbí baálé kọ́ ni mí?
— Hunlé!

Orí Ẹga wú. Àfi wìì tí òjò dé! Gbogbo elégbè fò lọ sílé wọn. Ẹ̀fúùfù gbé yàrá kejì lọ, ó ku Ẹga nìkan lórí imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń gbọ̀n.

Àwẹ̀ró pè é láti inú yàrá kan tó ti parí: "Baba ọmọ, ẹ wọlé. Mo ti yé e."

"Yàrá tó kù ńkọ́?"

"Ṣé òun ni yóò bá mi sàba ni?"

Ẹga wọlé. Yàrá náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ìyẹ́ wọn fi lẹ̀ mọ́ra, òtútù kò sì ríbi gbà wọlé.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí.