Ojú Kámẹ́rà Tí Sabyr Gbé Sínú Oòrùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á tán. Tí ẹnì kan bá ní kámẹ́rà nínú ilé yín, ẹ pè é kó wá jókòó tì yín.

1.
Ní abúlé kan nítòsí ìlú Naryn, láàárín àwọn òkè ní ilẹ̀ olótùútù, ni Sabyr ń gbé pẹ̀lú Anarkul ìyàwó rẹ̀, Aijan ọmọbìnrin wọn, àti Burul, ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà. Awakọ̀ ni Sabyr, ṣùgbọ́n àwòrán yíyà ló gbà á lọ́kàn. Kò bìkítà fún kámẹ́rà òde òní tó ń dá ṣe gbogbo nǹkan. Ojú kámẹ́rà àtijọ́ ló fẹ́, èyí onírin àti gíláàsì tó wúwo, téèyàn ń fọwọ́ yí díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán á fi mọ́ kedere.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dá. Tó bá ya ìyá rẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́ àti òwú, gbogbo ìhunjọ ojú ìyá ló máa hàn, ohun tó wà lẹ́yìn ìyá á sì rọ̀ bí ìkùukùu. Àwọn ará abúlé máa ń bẹ̀ ẹ́ kó wá ya òbí àwọn kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Burul ìyá rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni kékeré. Kò sí ẹni tó lè rán ẹní onírun àgùntàn bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn. Ní gbogbo ìgbà òtútù ló fi ń rán ti ìgbéyàwó Aijan, torí ìyàwó kì í wọlé ọkọ lọ́wọ́ òfo níbẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló ń to ẹní náà sí.

2.
Lọ́jọ́ kan, Sabyr ra ojú kámẹ́rà kan lọ́wọ́ Osmon, bàbá àgbà tó ń ta ohun àtijọ́ lọ́jà Naryn. Ó dára, àmọ́ gíláàsì rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì.

Osmon ní, "Oòrùn ló máa fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ọmọ mi. Fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ẹran di ẹnu rẹ̀ kan pa. Orí òkúta níta ni kó o gbé e sí, má sì kúrò níbẹ̀. Gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ó ń kó iná jọ ni."

Sabyr bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin ń tà á, èmi ni mò ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

3.
Yàrá ìyá rẹ̀ ni oòrùn ti ń pẹ́ jù. Ojú fèrèsé ibẹ̀ ló gbé e sí, ó ṣí ẹnu rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

Láìpẹ́, Anarkul gbóòórùn nǹkan. Ó rí àpá dúdú kan lára igi fèrèsé, bí ibi tí wọ́n tẹ sìgá pa sí.

"Bàbá Aijan, ẹ wá wò ó. Igi yìí ti ń jó."

"Èyí? Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Kò sí níbẹ̀ lánàá. Èmi ni mo nu ibẹ̀."

"Anarkul, kí lo mọ̀ nípa kámẹ́rà? Lọ po ìyẹ̀fun rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yìí wọra. Ó gbé gíláàsì náà kúrò. Sabyr gbé e padà, ó tún dojú rẹ̀ kọ oòrùn dáadáa.

Burul ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń bá ẹ gbélé ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o."

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre."

4.
Ọjọ́ eré ẹṣin dé. Sabyr gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ sí pápá. Anarkul àti Aijan lọ fún wàrà abo ẹṣin tí wọ́n máa ń mu níbẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ló kù nílé, ó ń sùn.

Oòrùn mú ganrín-ganrín, gíláàsì ojú fèrèsé sì ń kó o jọ sójú kan. Iná mú kọ́tìnnì, ó ti ibẹ̀ gun òkè àjà níbi tí wọ́n kó koríko gbígbẹ sí.

Lójú pápá, Sabyr ń fọwọ́ yí ojú kámẹ́rà rẹ̀ sórí ẹṣin pupa kan. Ó rí nǹkan funfun kan tó ń rú lẹ́yìn ẹṣin náà. Ó rò pé eruku ni. Ó tilẹ̀ wù ú. Ó ya á.

Ẹnì kan ké, "Sabyr! Ilé yín!"

Ìyá Sabyr ì bá ti jáde. Ilẹ̀kùn kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ẹní ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń fà nínú èéfín. Aládùúgbò kan ló wọlé gbé e jáde, ìyá ṣì di etí ẹní kan mú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti jó.

5.
Ní ilé ìwòsàn, Sabyr kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Ẹní Aijan ńkọ́?"

Sabyr mi orí pé ó ti jó.

Ìyá rẹ̀ wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló máa wá rán òmíràn?"

Sabyr yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Anarkul kò bú u. Ó kàn ní, "Mo rí i, mo sì sọ," ó sì jáde síta.

Ilé jó tán. Ẹní tí àwọn aládùúgbò dá jọ ni Aijan gbé lọ sílé ọkọ. Ọwọ́ ìyá san, àmọ́ àwọn ìka rẹ̀ ti ká jọ, wọn kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Títí dòní, Sabyr ló ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì fún un láràárọ̀, tó ń fi í sí i lẹ́nu. Ìyá kì í sọ̀rọ̀ iná náà. Ìyẹn gan-an ló ń pa Sabyr.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kámẹ́rà àtijọ́, ẹ máa gbádùn rẹ̀, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dé ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má fi í sójú fèrèsé tàbí sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí ará ilé yín bá sì ní òun gbóòórùn èéfín, ẹ dìde kí ẹ lọ wò ó, ẹ má bi í léèrè ohun tó mọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.