Òwú Pupa Lọ́wọ́ Alùpùpù

Wọ́n jẹ́ kí alùpùpù tí kò tíì ṣeé gùn kúrò ní àgbàlá Mísbáù ní Darkuman. Suhaib gùn ún, ó sì kú. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ nìyẹn, gbogbo àdúgbò ni ó sì mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́.

Mísbáù ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Alùpùpù àtijọ́ nìkan ni ó ń tún ṣe, lábẹ́ páànù tí ó ta sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, kábúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pàdé, sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún níbòmíràn pé kí ó ju kábúrétọ̀ rẹ̀ nù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbé e wá. Bàbá Fítà, ìyẹn bàbá tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, ni wọ́n ń pè é.

Ó ní ìlànà kan. Kì í fi kábúrétọ̀ sílẹ̀ ní títú, nítorí eruku. Bí ó bá ń dúró de ẹ̀yà tuntun, á dá ògbólógbòó padà sí àyè rẹ̀, á to gbogbo rẹ̀ pọ̀, á wá so òwú ọ̀rá pupa mọ́ ọwọ́ tí a fi ń fún alùpùpù lépo. Irú òwú tí àwọn apẹja Chorkor fi ń hun àwọ̀n ni. Kókó mẹ́ta ni ó máa ń ta, kò sì ṣeé fi ọwọ́ tú. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni ó ń fi ọ̀bẹ gé e. Alùpùpù tí òwú pupa bá wà lára rẹ̀, kò sí ẹni tí í gùn ún.

Ogún bàbá Suhaib ni alùpùpù náà. Òun ni ó fi ń ru ẹrù ìyá rẹ̀ láti ọjà Kantamanto lọ sí ti Odawna. Habiba, ìyá rẹ̀, ń tún aṣọ òkìrìkà ṣe. Àlùmágàjí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kì í ju òwú nù. Èyí tí ó bá tú lára ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ya, á ká a, á tọ́jú rẹ̀.

Idẹ kékeré tí ń gòkè tí ń sọ̀ nínú kábúrétọ̀ Suhaib ti jẹ. Ó máa ń há; bí ó bá sì há sókè, eré alùpùpù kì í dínkù mọ́.

"Bó bá há sókè lójú títì ńkọ́?" Mísbáù bi í.

"Bàbá Fítà, màá bẹ̀ ẹ́."

"Kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"Alùpùpù tó dàgbà jù yín lọ yìí? Ó yẹ kó ti ní sùúrù."

Mísbáù rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀ títí di Sátidé."

Ní Ọjọ́bọ̀, Mísbáù lọ sí Kokompe, sọ́dọ̀ ẹni tí ń bá a fi ẹ̀rọ gbẹ́ idẹ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Habiba kó bùbá tí ó bá Tàíbátù, ìyàwó Mísbáù, tún ṣe wá.

"Alùpùpù ọmọ mi ti yá?"

"Sátidé ni wọ́n sọ, Ìyá Suhaib."

"Ẹrù mi ń bẹ ní Kantamanto, àwọn ará Odawna ń retí mi lónìí. Bàbá Fítà yìí! Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ihò kan ṣoṣo."

Tàíbátù rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ wọ bùbá náà wò. Ó jáde, ó ní ó bá òun mu gẹ́lẹ́. Wọ́n jọ mu tíì, Habiba sì gba ọjà lọ.

Lọ́sàn-án, Suhaib dé. Ó pariwo láti ẹ̀yìn ilé.

"Ìyá, kò sí òwú lára rẹ̀ mọ́ o! Bàbá Fítà ti yára jù lọ́tẹ̀ yìí."

"Ọpẹ́ o. Máa gbé e lọ, ọmọ mi," Tàíbátù dáhùn láti inú ilé.

Ní Kaneshie, idẹ náà há sókè. Alùpùpù kò gbọ́ ìjánu, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù.

Mísbáù ti Kokompe dé pẹ̀lú idẹ tuntun nínú àpò. Ó wá òwú pupa nílẹ̀ títí, kò rí i.

"Ṣé ẹ so ó?" Tàíbátù bi í.

"Mo so ó."

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Mo rò pé mo so ó."

Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹjọ, ó ní, "Mi ò so ó."

Ọjọ́ ìsìnkú ni Habiba ti wá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí àlùmágàjí lọ́rùn rẹ̀.

"Mísbáù! Ìwọ lo pa á. Òwú dà? Òwú tí o fi ń dẹ́rù ba gbogbo ayé dà?"

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé alùpùpù wọn lọ́dọ̀ Mísbáù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gé òwú pupa lójú rẹ̀, kábúrétọ̀ tí kò tíì parí sì wà nínú alùpùpù náà. Alfa Ikrimah wá sọ fún un pé kí ó tọrọ àforíjì ní gbangba níbi àdúrà ogójì ọjọ́.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ gbàgbé?" Tàíbátù bi í.

"Ogbó ni. Orúkọ èèyàn gan-an, mo ti ń gbàgbé."

Ó ta gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ń ra irin jíjẹrà. Wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìkòkò tó ti lu.

Ní ogójì ọjọ́, ó dìde láàárín èrò. Ó ní òun ni kò so òwú, òun ni ó pa ọmọ ọlọ́mọ, òun kò sì ní fọwọ́ kan kábúrétọ̀ mọ́ láyé òun. Ó kúnlẹ̀. Alfa yíjú sí Habiba.

"Ìyá Suhaib, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohùn yín."

Habiba tú etí ìró rẹ̀, àwọn èèyàn sì rò pé sàráà ni ó fẹ́ mú jáde.

Ó fi òwú ọ̀rá pupa kan lélẹ̀ níwájú Mísbáù, kókó mẹ́ta ṣì wà lórí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ bá mi bẹ Bàbá Fítà kí wọ́n dárí jì mí; wọ́n so ó, èmi ni mo fi àlùmágàjí mi gé e nígbà tí ìyàwó wọn ń wọ bùbá wò, kí ọmọ mi lè tètè bá mi ru ẹrù."