Ẹ̀ka Tí Shormi Mú

"Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo ni ká kọ sípò kìíní?" Bọ̀dá Motaleb tún bi ọmọ tíṣà àdúgbò. Bọ̀dá yìí ló ń bá gbogbo ọmọ àdúgbò wọn nílùú Rajshahi, ní Bangladesh, kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì lórí kọ̀ǹpútà. Aago márùn-ún ni yunifásítì máa ti fọ́ọ̀mù náà, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ọmọ tíṣà ò mọ ẹ̀ka tí òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ Shormi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń jó o lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi Shormi bú u nílé: Shormi mọ ibi tó ń lọ, ìwọ ńkọ́?

"Kí ni Shormi mú?" ó béèrè. "Ohun tó bá mú ni kẹ́ ẹ kọ fún mi. Kò ní dá a jẹ."

Bọ̀dá Motaleb rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Shormi ti wá láàárọ̀. Ó ní tìẹ ni kí n wò kọ tòun."

Agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́nu ọ̀nà. Shormi sáré wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ojú kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ wò, ó rí i pé fọ́ọ̀mù ṣì ṣófo, ló bá kọjú sí ọmọ tíṣà.

"O ò tíì mú nǹkan kan? Kí lo wá ń ṣe láti àárọ̀?"